Ìtẹ́lọ́rùn Tí Kò Sí Nínú Wọ́ọ̀dù

Bí ẹ bá bá dókítà tó kàwé ní Yunifásítì Ìbàdàn sọ̀rọ̀ nípa ìgbà tó wà nílé ẹ̀kọ́, ìyà ni yóò kọ́kọ́ máa kà fún yín: òru àìsùn, ìdánwò àṣelàágùn, ọ̀gá tó ń bi ọmọ ọlọ́mọ ní ìbéèrè lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì títí ojú á fi tì í. Ṣùgbọ́n ẹ dárúkọ Ìbàràpá sí i létí. Ẹ̀rín ni yóò fi dáhùn. Á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ti àmàlà àti ọbẹ̀ ìlasa, ti ọ̀nà eléruku, ti ilé tí gbogbo wọn jọ gbé, ti ìyá àgbà tó fún un lórúkọ tuntun. Tí ẹ bá jẹ́ kí ó sọ̀rọ̀ pẹ́ díẹ̀, ẹ ó ṣàkíyèsí pé kì í ṣe aláìsàn tó tọ́jú níbẹ̀ ló pọ̀ jù lẹ́nu rẹ̀. Àwọn tí ara wọn le ni: àwọn ará ọjà, àwọn ọmọ ilé-ìwé, àwọn abiyamọ tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì, tí òun dúró níwájú wọn tó ń ṣàlàyé bí a ṣe ń dènà àrùn.

Ìdùnnú yìí ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, nítorí ó yà mí lẹ́nu díẹ̀. Iṣẹ́ aláìsàn ni wọ́n wá kọ́. Aláìsàn á wọlé lórí ẹ̀yìn ọmọ rẹ̀, á fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn jáde, á sì gbé adìyẹ wá dúpẹ́ tó bá yá. Ta ni yóò gbé adìyẹ wá nítorí ìgbẹ́ gbuuru tí kò ṣe ọmọ rẹ̀? Àrùn tí a dènà kì í fi àpá sílẹ̀ tí ènìyàn lè nàka sí. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí ń padà sí Ìbàdàn pẹ̀lú inú dídùn tí iṣẹ́ wọ́ọ̀dù kò fún wọn rí.

Ìlú méje ni Ìbàràpá: Igbó-Ọrà, Ìdèrè, Èrúwà, Lánlátẹ̀, Ayétẹ̀, Tápà àti Ìgàngán, gbogbo wọn ní ìwọ̀-oòrùn Ìbàdàn, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ òde òní. Ní 1963 ni Yunifásítì Ìbàdàn àti ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ìgbà náà dá ètò ìlera ará ìlú sílẹ̀ níbẹ̀, tí Igbó-Ọrà sì di ibùjókòó rẹ̀. Àjọ Rockefeller Foundation láti Amẹ́ríkà fi owó ràn án lọ́wọ́. Olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n T. O. Ògúnlésì wà lára àwọn tó ṣe agbátẹrù rẹ̀. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́yìn náà, ní 1978, ni àwọn orílẹ̀-èdè àgbáyé ṣẹ̀ṣẹ̀ péjọ sí Alma-Ata láti kéde pé ètò ìlera alábọ́dé ni ọ̀nà tí ìlera fi lè kárí gbogbo ènìyàn. Láti ìgbà tí wọ́n ti dá ètò náà sílẹ̀ ni ọ̀wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan ti ń kó ẹrù lọ síbẹ̀ tí òmíràn ń kó tirẹ̀ bọ̀. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni wọ́n ń lò, wọn kì í wá wò kí wọ́n sì padà lọ́jọ́ kan náà. Wọ́n ń gbé ìlú, wọ́n ń ra ata lọ́jà ìlú, iná ìlú ló ń lọ mọ́ wọn lójú.

Ẹ wo ibi tí wọ́n ti ń bọ̀. UCH Ìbàdàn, tí wọ́n ṣí ní 1957, ilé ìwòsàn ńlá ni; inú ọgbà rẹ̀ gan-an ni Alexander Brown Hall tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé wà. Akẹ́kọ̀ọ́ jí, ó wọ aṣọ funfun, ó di wọ́ọ̀dù. Níbẹ̀, òun ló kéré jù nínú gbogbo ẹni tó ń tẹ̀lé ọ̀gá kiri. Ọ̀jọ̀gbọ́n ń sọ̀rọ̀, dókítà àgbà ń kín in lẹ́yìn, dókítà kékeré ń kọ ọ́ sílẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ ń na ọrùn láti ẹ̀yìn kí ó lè rí bẹ́ẹ̀dì. Bí aláìsàn bá yè, ọpẹ́ kì í dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí aláìsàn bá kú, òun náà á gbé ọ̀rọ̀ náà sùn. Èyí tó sì ń ká ọ̀pọ̀ nínú wọn lára jù ni pé ohun tó gbé ènìyàn dé orí bẹ́ẹ̀dì yẹn, àyè ti wà tí à bá fi dá a dúró: ọmọ tí ìgbẹ́ gbuuru ti fa omi ara rẹ̀ gbẹ, tí ojú rẹ̀ ti jìn wọlé, bàbá tí apá kan ara rẹ̀ ti rọ nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru tí kò mọ̀ pé òun ní títí di ọjọ́ tó ṣubú lulẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ ń rí òpin ìtàn lójoojúmọ́, ẹnikẹ́ni kò fi ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ hàn án.

Ní Igbó-Ọrà, ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn ni wọ́n rán an lọ bá. Àwọn ará ìlú kì í ya akẹ́kọ̀ọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára dókítà. Ẹni tó bá ti wọ aṣọ funfun, dókítà ni. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún tí kò ì tíì kọ oògùn kan fún ẹnikẹ́ni rí, ìyá tó lè bí i lọ́mọ á kí i pé, “Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o.” Ojú a máa tì wọ́n lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Gbogbo ohun tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì há sórí di ẹrù tí kò ní ibi ìgbé sí. Ọmọ Yorùbá tó dàgbà ní Ìkẹjà náà ń wá ọ̀rọ̀ kiri ẹnu, ká má tilẹ̀ sọ ti ọmọ Íbò tàbí ọmọ Ìjọ̀ tó ní láti dúró kí nọ́ọ̀sì bá a túmọ̀ ohun tó wí.

Nọ́ọ̀sì yìí, mo gbọ́dọ̀ sọ, ni olùkọ́ gidi, bí orúkọ rẹ̀ kò tilẹ̀ sí nínú ìwé ìdánwò. Ó mọ̀ pé a kì í dédé dìde ká máa sọ̀rọ̀ ìgbẹ́ àti ìdọ̀tí fún àwọn àgbà. Orin ló ń dá. Ní kíliníkì abiyamọ káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, orin àti àtẹ́wọ́ la fi ń ṣí ìpàdé: orin ọmú fífún, orin abẹ́rẹ́ àjẹsára, orin ìfètò sọ́mọ bíbí, àwọn ìyá á sì máa jó pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá gbọ́n á kọ́ orin náà kí ó tó kọ́ ohunkóhun mìíràn. Ó dá mi lójú pé àwọn tó lè dá orin, bí ohùn wọn tilẹ̀ há, ni wọ́n ń gbádùn iṣẹ́ yìí jù. Àwọn tó bá ní kí nọ́ọ̀sì kọrin tán kí àwọn wá sọ ọ̀rọ̀ ìmọ̀, àwọn abiyamọ á ti máa tú ọmọ sílẹ̀, wọ́n á máa tún un pọ̀n, wọ́n á máa bi ara wọn léèrè ìgbà tí káàdì àwọn á délẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ ìgbẹ́ gbuuru. Láti 1985 dé 1992 tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, dókítà àwọn ọmọdé, fi jẹ́ mínísítà ètò ìlera, omi oníyọ̀ àti ṣúgà di ohun tí wọ́n ń kọ́ abiyamọ káàkiri Nàìjíríà. Ìwọ̀n rẹ̀ kò le: omi mímọ́ tó kún ìgò bíà kan tàbí ìgò mínírà méjì, ṣíbí tíì kan iyọ̀, ṣíbí tíì mẹ́wàá ṣúgà, kí orí ṣíbí náà tẹ́jú, kí ó má ṣe gogoro. Ó rọrùn lẹ́nu. Ẹ wá fi kọ́ni kí ẹ rí i. Àlàájà á ní ìgò bíà kò ní wọ ilé òun, ìbá à ṣe òfìfo. Ẹlòmíràn á bèèrè bóyá ṣíbí tí wọ́n fi ń jẹ ìrẹsì náà ni. Ìbéèrè àtàtà ni, nítorí bí iyọ̀ bá pọ̀ jù, omi tí à ń retí pé kó gba ọmọ là á ṣe é níjàǹbá. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń kìlọ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé kí ó má ṣe bèèrè pé, “Ṣé ó yé yín?” Kò sí àgbàlagbà tó máa sọ níwájú èrò pé kò yé òun. Kí ó gbé ṣíbí àti ìgò lé ìyá kan lọ́wọ́ ni, kí ìyá náà pò ó lójú gbogbo ènìyàn.

Ibẹ̀ ni ìdùnnú tí mò ń wí ti ń wọlé. Ìyá náà á bu iyọ̀, á ṣe gogoro. Kí akẹ́kọ̀ọ́ tó lanu, obìnrin tó jókòó nítòsí rẹ̀ á ti ké pé, “Ìyá Sikiru, ẹ fìka gé e o! Ọmọ lẹ fẹ́ fún, ẹ ò se ọbẹ̀.” Èrò á rẹ́rìn-ín, ìyá á fìka tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, ẹlòmíràn á máa bá a ka ṣúgà. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, àwọn obìnrin náà ti ń kọ́ ara wọn, ọ̀kan ń fi kún un pé kí wọ́n má po èyí tó máa sùn di ọ̀la, ẹni tó wá kọ́ni sì ti di òǹwòran. Mo ti gbọ́ tí dókítà tó ti dàgbà ń ròyìn irú ìṣẹ́jú yìí, inú rẹ̀ ṣì ń dùn. Kò sí ẹni tó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ọ̀rọ̀ tó ti ẹnu rẹ̀ jáde ti di ti ẹlòmíràn, kò nílò rẹ̀ mọ́. Nínú wọ́ọ̀dù, ìmọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kì í kúrò lára rẹ̀ lọ síbì kankan. Ọ̀gá ló ń gbà á yẹ̀ wò tó ń dá a padà fún un pẹ̀lú máàkì. (Lóde òní, àpòpọ̀ iyọ̀ àti ṣúgà inú àpò tí wọ́n ń pè ní ORS àti oògùn zinc, tí WHO àti UNICEF jọ fọwọ́ sí ní 2004, ti ń gba ipò ìgò bíà. Àlàájà ti bọ́.)

Igbó-Ọrà tún ní ìbéèrè tirẹ̀ tí ìwé kì í sáábà dáhùn. Ìlú ìbejì ni. Ọ̀jọ̀gbọ́n Patrick Nylander, oníṣègùn aláboyún tó ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn, ṣe ìwádìí níbẹ̀ ní bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn, ó sì rí i pé nínú 1000 ìbímọ, ìbejì ń tó 45 tàbí kó lé, iye tí irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n láyé. Àwọn ará ìlú ní ìlasa ló ń ṣe é, wọn a sì máa fi akẹ́kọ̀ọ́bìnrin tó bá bù kún abọ́ rẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀ pé kí ó rọra. Akẹ́kọ̀ọ́ wá dé, ó ń kọ́ni pé ọmú nìkan ni kí ọmọ mu fún oṣù mẹ́fà, kò gbọdọ̀ sí omi, kò gbọdọ̀ sí àgbo. Ìyá ìbejì gbé ọ̀kan sí itan ọ̀tún, ó gbé èkejì sí tòsì. “Dókítà, àwọn méjì rèé. Ẹ̀yin náà ẹ wò mí. Ṣé yóò tó wọn?” Èsì wà: bí ọmọ bá ti ń mu tó ni ara ìyá ń pèsè tó, ẹnu méjì a sì máa fa omi ọmú ju ẹnu kan lọ, bí ìyá bá ń jẹun tó ń mumi dáadáa. Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fẹ́ kí ìyá yẹn gba òun gbọ́ ní láti mọ ẹni tí yóò máa gbé ọmọ kejì fún un, ẹni tí yóò se oúnjẹ, àti ohun tí ìyá ọkọ rẹ̀ yóò wí nígbà tí ọmọ bá ń ké tí wọn kò sì gbọdọ̀ fún un ní omi. Nítorí náà, lọ́jọ́ kejì, ilé ni yóò lọ, ìyá ọkọ ni yóò kọ́kọ́ kí, yóò dọ̀bálẹ̀ tàbí kó kúnlẹ̀ dáadáa, ọ̀rọ̀ ọmú á sì tẹ̀lé e. Mo gbà pé ẹ̀kọ́ yìí níye lórí ju èyí tí wọ́n rán an wá fi kọ́ni lọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti jinlẹ̀ jù, Ìdèrè ni, ìlú tí kò jìnnà sí Igbó-Ọrà. Àwọn tó dàgbà rántí sòbìyà. Omi odò tàbí omi àbàtà tí a mu ló ń gbé e wọlé, nínú kòkòrò omi tíńtín tí ojú lásán kò lè tètè rí. Aràn á dàgbà nínú ara fún bí ọdún kan, á gùn tó bíi mítà kan, lẹ́yìn náà á fa ìléròrò, lẹ́sẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, á sì máa yọrí jáde díẹ̀díẹ̀. Ó ń jóni bí iná. Ẹni tí aràn ń jó yóò wọ odò kí ara lè tù ú, ibẹ̀ ni aràn ti ń tú àìmọye ọmọ rẹ̀ sínú omi tí gbogbo abúlé ń mu. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ń ká a, díẹ̀ lónìí, díẹ̀ lọ́la, fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Bó bá já sínú, wàhálà ti pọ̀ sí i. Kò sí oògùn tó ń pa á, kò sí abẹ́rẹ́ àjẹsára, ẹni tó ti ṣe lẹ́ẹ̀kan lè tún ṣe é lọ́dún tó ń bọ̀. Bàbá olóko á wà nílẹ̀, ẹ̀gẹ́ á wà lóko láìsí ẹni tó máa hú u, ọmọ kò ní lè rìn dé ilé-ìwé.

Dókítà kò wúlò fún sòbìyà ju kí ó fọ ojú egbò lọ. Gbogbo ìwòsàn tó ní, ọ̀rọ̀ ẹnu ni: ẹ sẹ́ omi kí ẹ tó mu ún, kí ẹni tí aràn ń yọ lára rẹ̀ má ṣe tẹ inú odò. Ọ̀rọ̀ ẹnu náà ò sì rọrùn láti gbà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé inú ara gbogbo ọmọ aráyé ni sòbìyà wà láti ọjọ́ tí a ti bí i, pé ìgbà tó bá wù ú ló ń jáde. Àwọn mìíràn ní Ṣọ̀pọ̀nná ló rán an. Àlàyé tó dúró ni, ó bá ohun tí wọ́n ń fojú rí mu: gbogbo ilé ló ń mu omi kan náà, ọ̀kan á ṣe é, èkejì kò ní ṣe é.

Ní àwọn ọdún 1980, àwọn olùkọ́ni nípa ìlera láti Yunifásítì Ìbàdàn, William Brieger, Joshua Adéníyì, Jayasree Ramakrishna àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, sọ Ìdèrè di ibi iṣẹ́ wọn, akẹ́kọ̀ọ́ sì ń bá wọn lọ́wọ́ sí i. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú iṣẹ́ wọn ni pé wọn kò dúró lórí “ẹ sẹ́ omi yín.” Wọ́n ṣètò asẹ́ aláṣọ. Àwọn aránṣọ ìlú ló ń rán an, àwọn ará ìlú àti ará abúlé tí wọ́n ti kọ́ ní iṣẹ́ ìlera ló ń tà á fáwọn ènìyàn wọn ní owó pọ́ọ́kú. Nígbà tí aránṣọ bá ń gba owó iṣẹ́, tí ọmọ ìyá ẹni sì ń kiri asẹ́, ọ̀rọ̀ náà kúrò ní ti àwọn ọmọ yunifásítì.

Nínú iṣẹ́ yìí, ibi kan wà tó le fún ọ̀dọ́ tó ń wá èrè kíákíá. Bí bàbá kan bá bẹ̀rẹ̀ sí í sẹ́ omi lónìí, sòbìyà lè yọ lára rẹ̀ síbẹ̀ lóṣù mẹ́rin sí i, nítorí omi tó mu lọ́dún tó kọjá ló ń dáhùn. Yóò wá bi yín: “Ẹ ní kí n sẹ́ omi, mo sẹ́ ẹ, ẹsẹ̀ mi rèé.” Akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ sọ èyí fún un ṣáájú, kó má baà di onírọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tó sọ ọ́ kò sì ní sí níbẹ̀ mọ́ nígbà tí ọdún bá yí po. Yóò ti padà sí Ìbàdàn, bóyá yóò ti gba oyè. Ọ̀wọ́ tó tẹ̀lé e ni yóò dé bá ẹsẹ̀ tó gbẹ. Mi ò mọ iṣẹ́ mìíràn tí èrè rẹ̀ ń bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn báyìí tí inú ẹni tó ṣe é sì ń dùn.

Ìgbà tí wọ́n ka sòbìyà kárí Nàìjíríà ní 1988 sí 1989, àwọn tó ṣe é lé ní 650,000. Ní 2008, ó kásẹ̀ nílẹ̀. Ní Oṣù Kejìlá 2013, ọdún tí ètò Ìbàràpá pé àádọ́ta, WHO jẹ́rìí sí i pé Nàìjíríà ti bọ́. Kànga àti omi ẹ̀rọ ràn án lọ́wọ́, oògùn tí wọ́n dà sínú odò láti pa kòkòrò omi náà ràn án lọ́wọ́, ìjọba àti àjọ àgbáyé náwó sí i. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ní láti jókòó ti àwọn ará abúlé kí ó bá wọn sọ ọ́, kí ó sì fara balẹ̀ gbọ́ ohun tí wọ́n fẹ́ sọ padà.

Kì í ṣe gbogbo inú dídùn akẹ́kọ̀ọ́ ni mo ń yìn ṣá o. Ọ̀kan wà tó pọ̀ ju ti òtítọ́ lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ á sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan nílé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, á fi ọṣẹ àti omi han àwọn ọmọ, wọ́n á pàtẹ́wọ́, wọ́n á ya fọ́tò, òun á sì lọ kọ ọ́ sínú ìjábọ̀ pé iṣẹ́ yọrí. Ilé-ìwé náà kò ní ẹ̀rọ omi. Àwọn ọmọ tó pàtẹ́wọ́ náà yóò lọ ṣe ìgbọ̀nsẹ̀ nínú igbó lẹ́yìn kíláàsì, wọn yóò sì padà wá jẹ ẹ̀wà. Inú akẹ́kọ̀ọ́ dùn lóòótọ́. Ohun tí ọmọ mú lọ sílé ni kò sí. Bí ẹ bá bi àwọn olùkọ́ tó ń ṣètò iṣẹ́ yìí léèrè bí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe gbádùn rẹ̀ sí, ìdáhùn rere ni ẹ ó rí. A gbọ́dọ̀ bi abiyamọ náà. Bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn ará ìlú ti ń gba àlejò oníbéèrè láti 1963. Ilé kan lè ti dáhùn ìbéèrè kan náà fún ọ̀wọ́ mẹ́ta: ẹ̀yin mélòó lẹ ń gbé ibí, níbo lẹ ti ń pọnmi, ṣé ẹ ní ṣáláńgá? Wọ́n á dáhùn nítorí ọmọlúwàbí ni wọ́n. Ohun tó yẹ wọ́n ni kí wọ́n gbọ́ ohun tí ìbéèrè náà bí, kí ọ̀wọ́ tó dé bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ti ìṣáájú parí sí. Ibi tí wọ́n bá ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, inú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń dùn lọ́nà tó rọlẹ̀ díẹ̀, tí kò pariwo, èyí ni mo sì gbà gbọ́ jù.

Sòbìyà ti lọ, ẹ̀jẹ̀ ríru ló kù. Ó nira ju sòbìyà lọ láti fi kọ́ni, nítorí sòbìyà ń jóni. Akẹ́kọ̀ọ́ á gbé tábìlì àti ẹ̀rọ sí ẹnu ọ̀nà ọjà láàárọ̀, á di rọ́bà mọ́ apá ìyá elépo, á fẹ́ ẹ, á tún un wò lẹ́ẹ̀kejì.

“Mama, ẹ̀jẹ̀ yín ga o.”

“Ta ni? Èmi? Kò sí ibi tó ń dùn mí.”

“Bó ṣe ń ṣe nìyẹn mà, kì í dunni. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dín iyọ̀ àti màgí kù.”

“Ọmọ mi, ilé ọkọ ni mo wà. Bí ọbẹ̀ bá tẹ́, ṣé ìwọ lo máa bá mi jẹ ẹ́?”

Ọ̀rọ̀ kò sí nínú ìwé tó lè dá èyí lóhùn. Akẹ́kọ̀ọ́ tó wá láti ilé tí wọ́n ti ń se ọbẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ti irú, ti edé, ti ẹja gbígbẹ tí a fi omi gbígbóná ṣan dáadáa kí iyọ̀ ara rẹ̀ lè dín kù, ti kí a gbé iyọ̀ kúrò lórí tábìlì kí ẹni tó bá fẹ́ fúnra rẹ̀ dìde lọ mú un. Mama á gbọ́ díẹ̀, á jiyàn díẹ̀, á tọ́ ọ sọ́nà pé irú náà ní iyọ̀ tirẹ̀, wọ́n fi ń ṣe é kí ó má baà bàjẹ́. Òótọ́ ni, akẹ́kọ̀ọ́ á kọ ọ́ sílẹ̀. Nípa oògùn tí wọ́n ń lò lójoojúmọ́ láìdá a dúró, á ní òun á rò ó.

Ohun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kò tètè mọ̀ ni ìdí tí èrò kì í fi í dúró ti tábìlì náà. Àwọn obìnrin ọjà ló sọ fún wọn nígbà tí wọ́n bèèrè: kò sẹ́ni tó fẹ́ kí àwọn ará ilé ọkọ òun tó ń wọ ọjà bọ̀ gbọ́ ọ ní gbangba pé ẹ̀jẹ̀ òun ga, wọ́n á ní ó ti di olókùnrùn. “Ẹ gbé tábìlì yín lọ sẹ́yìn ìsọ̀ àwọn ẹlẹ́gúsí,” ni ìyá elépo wí, “ẹ sì tètè dé, kí oníbàárà tó kún. Èmi fúnra mi ni n ó máa kó wọn wá.”